Ohun tí a bá kó jọ la ń ṣà

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó pé ọdún méjì tí mo ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tó jẹ́ ayàwòrán. Pẹ́ńsù àti èédú ni mo fi ń ya ojú èèyàn. Àwọn oníbàárà máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, màá yà á títí dórí irun ìpéǹpéjú, wọ́n á sì sanwó. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tó máa ń ra iṣẹ́ ọnà wo iṣẹ́ mi, ó ní: “Ọwọ́ rẹ dáa, àmọ́ mi ò rí ẹ níbẹ̀. Ta ló yà á?” Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Látìgbà náà, mo ti ya ọrùn gígùn, mo ti fi àwọ̀ aró kun ojú, mo ti lẹ àǹkárá mọ́ bébà, kò sí èyí tó jọ tèmi. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó ti ọwọ́ àti etí tí àwọn ní kí n máa yà, pé ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn kì í wá ijó tirẹ̀ kiri. Àwọn ẹgbẹ́ mi lórí Instagram sì ní ẹni tí kò bá ní àṣà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kí n lọ wá àṣà tèmi, àbí kí n dúró?

Ayàwòrán tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, Ìbàdàn

Àbúrò mi, má kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ lè balẹ̀ kí o tó ka ìyókù. Ṣùgbọ́n bàbá tó wo iṣẹ́ rẹ kò parọ́ o. Ọ̀gá rẹ náà kò parọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé ni ẹnì kankan kò fi hàn ọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń lò wò, àṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó kọ́ni ní ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá ní Ifẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà, sọ pé inú “ṣà” ni àṣà ti jáde: kí a ṣa nǹkan, kí a mú èyí, kí a fi tọ̀hún sílẹ̀, bí ìgbà tí ìyá rẹ bá da ẹ̀wà sórí atẹ tó ń ṣà á. Àṣà ayàwòrán ni gbogbo ohun tó ṣà: ibi tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, ohun tó sọ di ńlá, ohun tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìyà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀ fún ọ. Kí ló wà lórí atẹ rẹ? Ta ló sì ń bá ọ ṣà á?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọ̀gá rẹ ń dáhùn. Ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo láti ya ọwọ́ kò tíì ṣa ohunkóhun. Èyí tó mọ̀ náà ló ń ṣe. Ìgbà tó bá mọ ọ̀nà mẹ́wàá tó wá mú ẹyọ kan la tó lè sọ pé ó ṣà. Etí àti ọwọ́ tó sú ọ yẹn, ẹ̀wà ni ọ̀gá rẹ ń dà sórí atẹ.

Ìbéèrè kejì ni bàbá tó ń ra iṣẹ́ ọnà ń bi ọ́. Wo bí o ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ya fọ́tò ti yan ibi tó dúró sí. Fóònù ti yan ohun tó máa hàn kedere àti èyí tó máa ṣú. Oníbàárà ti yan ẹ̀rín tó rín. Ìwọ wá pín bébà sí àpótí kéékèèké, o ń da ìpinnu wọn kọ, àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọwọ́ rẹ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ojú rẹ kò pinnu nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí bàbá yẹn fi ní ta ló yà á. Àwọ̀ aró àti àǹkárá kò sì lè tún un ṣe, nítorí orí ìpinnu ẹlòmíràn lo lẹ̀ wọ́n mọ́.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe ọ́. Ìpele mẹ́rin ni igi ń gbà kó tó di ère. Wọ́n á kọ́kọ́ lé ọnà: ààké ni wọ́n á fi gé igi títí ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà yóò fi hàn. Àlétúnlé ló kàn, níbi tí ojú, etí àti apá ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀bẹ bá ń fín irun, ilà àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Ìpele àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pinnu pé orí yóò kó nǹkan bí ìdámẹ́rin gíga gbogbo ère. Bí ààké bá ti ṣì í níbẹ̀, kò sí fínfín tó lè gbà á là. Inú fínfín lo ti ń wá ara rẹ kiri, àbúrò mi, nígbà tó jẹ́ pé ibi lílé ọnà ni àṣà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tó fi hàn bí Ògògà ṣe gba òyìnbó ìjọba lálejò. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta débi pé o máa rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ kúrò lára igi, àwọn mìíràn sì ya ẹ̀gbẹ́ sí wa tí wọ́n tún yíjú wò wá. Lásìkò kan náà, Aréògún ní Òsì-Ìlọrin ń gbẹ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀: àwọn ère rẹ̀ sún mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí, wọ́n tò ní ìlà ní ìlà. Ẹlẹ́ṣin wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, irú irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n lò. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ṣi iṣẹ́ ọ̀kan mú fún ti èkejì. Bí igi ṣe máa jìn tó nìkan, ìpinnu ẹyọ kan yẹn, ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lámídì Fákẹ́yẹ ńkọ́? Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ níṣẹ́. Síbẹ̀ ó tún lọ di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògún, níbi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń darí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ tẹ́lẹ̀ tún padà lọ kúnlẹ̀. Atẹ bàbá rẹ̀ kún, ó tún lọ bu kún un. Ọkùnrin yìí kan náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá sọ pé, “Àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ńkọ́? Wọn ò jókòó ti etí yíyà.” Òótọ́ ni. Lẹ́yìn 1960, nígbà tí Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo níbẹ̀, oníjó ni Twins Seven-Seven nígbà tó dé ibẹ̀, Jimoh Buraimoh sì ń tọ́jú iná orí ìtàgé fún eré Dúró Ládiípọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí iṣẹ́ kálukú fi yàtọ̀. Àmọ́ wo ohun tí wọ́n ṣe: ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba ni Buraimoh mú, ó fi ń ṣe àwòrán. Àṣírù Ọlátúndé ní tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni. Òòlù ti mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó máa lu ìtàn sára irin pẹlẹbẹ. Níbí ni mi ò ti gba ti ọ̀gá rẹ. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn náà máa ń jó. Bó ṣe ń ṣubú ló ń dìde.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ kíkọ pátákó ìtajà nígbà kan. Lẹ́tà S mi máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré mọ́tò. Ọ̀gá mi á pa á rẹ́, á ní kí n tún un kọ, títí mo fi kọ S tó dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, S mi tún rọra tẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ kan kọjá, ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìwọ lo kọ ara mọ́tò yẹn.” Ohun tí mo fi ń dán ara mi wò látìgbà náà rèé: bí mo bá lè kọ ọ́ kó dúró, tí mo sì tún yàn kó tẹ̀, àṣà ni. Bó bá tẹ̀ nítorí pé mi ò lè mú un dúró, àìmọṣẹ́ ni. Fi ọrùn gígùn rẹ sórí òṣùwọ̀n yẹn.

Ní báyìí, ohun tí màá fẹ́ kí o ṣe. Má pa fọ́tò oníbàárà tì, òun ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí fóònù kò ní yọjú. Bẹ ẹnì kan kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ìwọ fúnra rẹ gbé àga rẹ kiri títí wàá fi rí ibi tí ojú rẹ fẹ́.

Ọwọ́ tí ọ̀gá ní kí o yà, yà á ní ọ̀nà mẹ́wàá. Fi ìlà lásán ya ọ̀kan. Fi òjìji nìkan ya òmíràn, láìsí ìlà kankan. Fi èédú kun bébà títí yóò fi dúdú, kí o fi ìrésà yọ ọwọ́ náà jáde látinú òkùnkùn. Lẹ gbogbo wọn mọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan, mú méjì, kí o kọ ìdí tí o fi mú wọn sẹ́yìn bébà.

Lẹ́yìn náà, yan iṣẹ́ àgbà kan kí o dà á kọ fún ẹ̀kọ́. Bí àpẹẹrẹ, wo bí Yusuf Grillo ṣe lo àwọ̀ búlúù nínú àwòrán rẹ̀, ibi tó gbé e sí àti ibi tí kò jẹ́ kó dé. Má tà á, má sì fọwọ́ sí i.

Má sì ju èyí tó bàjẹ́ nù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó ní àṣà tó ò ń jowú, àkísà ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má gbé ọ̀rọ̀ Instagram dé iwájú wọn. Lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn, kúnlẹ̀ kí o bi wọ́n pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ohun tí ọ̀gá tiyín kọ́ yín, èwo lẹ fi sílẹ̀?” Ìdáhùn wọn máa ṣe ọ́ láǹfààní ju gbogbo ohun tí mo kọ yìí lọ.

Bí o bá ya ọwọ́ mẹ́wàá yẹn tán, fi gbogbo wọn ránṣẹ́ sí mi. Má sọ èyí tí o mú fún mi o. Jẹ́ kí n wò ó bóyá màá rí ọ níbẹ̀.