Kíka Ọjọ́ àti Pípe Aago: Láti Àjàgbà dé Jàpáànù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà ni mo gbé wá lọ́dún yìí. Mo ń fi ìwé kọ́ èdè àwọn ará Jàpáànù fúnra mi. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀kọ́ aago àti ọjọ́, ọkàn mi lọ sí bí àwọn àgbà wa ní Àjàgbà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣe ń ka ọjọ́.

Aago kò le. “Ji” ni wọ́n ń fi tẹ̀lé òǹkà: “go-ji” ni aago márùn-ún. “Han” ni àbọ̀, nítorí náà “go-ji han” ni aago márùn-ún àbọ̀. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù, wọn a ní “go-ji jippun mae”. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ wákàtí kí wọ́n tó sọ iye ìṣẹ́jú tí ó kù, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òyìnbó ni ó ń fi ìṣẹ́jú ṣíwájú. Kí ẹ sáà ṣọ́ra fún aago mẹ́rin: “yo-ji” ni, kì í ṣe “yon-ji”.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ gan-an ni iṣẹ́ wà. Lọ́dọ̀ wa, òní ni ọjọ́ kìíní. Ẹ wo ìjẹta: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó ń tún padà sí. Ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, ìtàdógún jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn baba wa ṣi òǹkà kà, kí ó fi márùn-ún pín mẹ́tàdínlógún wò! Ṣùgbọ́n mẹ́rin wọ inú mẹ́jọ, ó sì wọ inú mẹ́rìndínlógún láìṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ni: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá, kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó gbòde.

Àwọn ará Jàpáànù pẹ̀lú fi ọjà mọ ọjọ́. Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Yokkaichi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọjà ọjọ́ kẹrin, nítorí pé ọjọ́ 4, 14 àti 24 nínú oṣù ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀ látijọ́. Ní 1873 ni wọ́n gba kàlẹ́ńdà òyìnbó, ó sì di 1876 kí ìjọba wọn tó sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e wá sílé. Ká ní ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún ìyá àgbà kan ní Àjàgbà pé, “Màmá, ẹ padà wá ní ọjọ́ márùn-ún òní.” Ọjọ́ Ẹtì ni màmá yóò dé. Àbámẹ́ta ni nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé tirẹ̀. “Ọjọ́ yín kò tíì pé, Màmá.” Màmá ti san owó ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì náà ọmọ Yorùbá ni, ilé-ìwé ni ó ti kọ́ òǹkà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rí fún ẹni tí ó jẹ gbèsè tí a dá ọjọ́ fún.

Èdè Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. “Itsukame” ni ọjọ́ karùn-ún, a ka òní mọ́ ọn: ọjọ́ Ẹtì ti màmá nìyẹn. “Itsukago” ni ẹ̀yìn ọjọ́ márùn-ún, a kò ka òní: Àbámẹ́ta ti nọ́ọ̀sì nìyẹn. Àwa kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a fi òǹkà àgbà sílẹ̀ nítorí èyí. Ẹ̀yin tí ẹ óò di ògbufọ̀ ní kóòtù tàbí ní ilé ìwòsàn lọ́la, bí ẹ bá gbọ́ “ọjọ́ márùn-ún òní”, ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ bóyá ó ka òní mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́ náà gan-an sílẹ̀.