Ezinne Kalu Láàárín Àwọn Òmìrán

Ẹ̀yin òbí ní Festac Town àti ní gbogbo Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, bí ọmọbìnrin yín bá ti ilé ìwé dé, tó ní òun fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò lára rẹ̀? Gíga rẹ̀ ni. Bó bá kúrú, ẹ ó ní kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn Ezinne Kalu.

Ọmọ Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ìlú Newark ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1992. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 8. Lóòótọ́, bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá lọ ní ọjà Àgbójú, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní kúkúrú. Ṣùgbọ́n ti orí pápá bọ́ọ̀lù yìí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni apẹ̀rẹ̀ fi ga sílẹ̀. Brittney Griner, ará Amẹ́ríkà, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 9. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ínǹṣì 13 gbáko ló fi ju Kalu lọ!

Kí wá ni iṣẹ́ ẹni kúkúrú níbẹ̀? Òun ni atọ́kùn ẹgbẹ́. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bó ti ń sáré, ṣùgbọ́n kì í wo bọ́ọ̀lù náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò, kó lè mọ ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún. Nítorí pé ó kúrú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í fò jìnnà sílẹ̀, ó sì ṣòro fún òmìrán láti bẹ̀rẹ̀ já a gbà. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́ ọn, yóò dúró lókèèrè, yóò jù ú. Bó bá wọlé, àmì 3 ni, dípò 2. Muggsy Bogues ní Amẹ́ríkà kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 3 lọ, síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ yìí jẹun láàárín àwọn ọkùnrin gìrìwò láti 1987 títí di 2001.

Kalu náà fi í jẹun ní Portugal àti ní ilẹ̀ Faransé. Ní 2017 ó wà nínú D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Bamako. Ní 2019 wọ́n tún gbà á ní Dakar. Wọ́n na Senegal ní 60 sí 55, nílé onílé! Kalu ni wọ́n yàn ní ẹni tó ta gbogbo àwọn yòókù yọ nínú ìdíje náà.

Ó wá ku ti Paris ní 2024. D'Tigress na Australia, wọ́n sì na Canada ní 79 sí 70. Kalu nìkan jẹ àmì 21 lọ́jọ́ ti Canada. Báyìí ni wọ́n ṣe bọ́ sínú ẹgbẹ́ 8 tó kù ní Òlíńpíìkì. Kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ìbáà ṣe tọkùnrin tàbí tobìnrin, tó tíì dé ibẹ̀ rí. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró, 88 sí 74. Griner wà nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ọ̀hún.