Abéèrè Kì í Ṣìnà: Kí Ni Ojúṣe Ẹni Tó Mọ̀nà?

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí a bi léèrè bá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kàwé jáde sọ nìyẹn: báwo ló ṣe yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá ọ̀gbẹ̀rì lóhùn? Ìrírí tèmi ni màá fi ṣàlàyé, nítorí mo ti béèrè rí, wọ́n sì ti bi èmi náà rí.

Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún ìkẹyìn mi, mo kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìròyìn Yorùbá jọ, mo sì fi Python kọ ètò kékeré kan tí yóò ka iye ìgbà tí “ọjọ́” jẹ yọ nínú wọn. Mo ń fi ojú ara mi rí “ọjọ́” nínú fáìlì náà, àmọ́ òdo ni ètò náà gbé jáde. Mo bi àwọn kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ èdè léèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kí n lọ kọ́ Python ná. Òmíràn ní, “Ṣé o ò ní Google ni?” Ẹnì kẹta kàn fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́.

Mo ní Google. Orúkọ ohun tó ń dà mí láàmú ni n ò ní. Ìṣòro ọ̀gbẹ̀rì gan-an nìyẹn: kò lè wá ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pààrọ̀ fọ́ǹtì, bí ẹni pé fọ́ǹtì ló ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti gboyè ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ló wá yọ mí. Ìbéèrè méjì ló bi mí: “Kí lo retí? Kí lo rí?” Ó ní kí n fi ètò náà gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe àpèjúwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ọ́” kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ “ọ”, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ “ó”, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó sì lè jẹ́ “o” lásán, kí àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí mo ṣe tẹ “ọjọ́” tèmi kọ́ ni àwọn oníròyìn ṣe tẹ tiwọn. Ó ní Unicode normalization ni orúkọ àtúnṣe rẹ̀: kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di oríṣi kan náà, bíi NFC, kí a tó fi wọ́n wéra. Ìlà kan péré ni mo fi kún ètò náà tó fi ṣiṣẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí gígùn ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀wé pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti lo NFC. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ka ‘ọ́’ sí méjì?” Mo fèsì lójú gbogbo ènìyàn pé, “O ò ṣe é dáadáa. Lọ tún un kà.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó dán an wò fúnra mi. Méjì ni kọ̀ǹpútà tèmi náà kà. Unicode fún “ó” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún “ọ” náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún “ọ́” ní ẹyọ nọ́ńbà kan. NFC kò sì lè pa méjì pọ̀ di ohun tí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló jàre. Èmi tí mo ń ṣe bí awo ni n ò mọ̀. Kí n tó kàn sí i, ó ti pààrọ̀ àkọlé iṣẹ́ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì níbi tí mo ti dójú tì í gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pa tì kò padà mọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo rí kọ́. Èkíní, ẹ dán ìbéèrè wò kí ẹ tó dá a lóhùn. Ohun tí ẹ rò pé ẹ mọ̀ lè má pé. Èkejì, bí àyè kò bá sí láti ṣàlàyé, ẹ sọ orúkọ ohun náà fún un, kí ó lè rí nǹkan wá. Ẹ̀kẹta, ẹ bi í ní ohun tó retí àti ohun tó rí, nítorí ohun tó béèrè lè má jẹ́ ohun tó ń dà á láàmú. Ẹ̀kẹrin, bí ìbéèrè bá ti sú yín, ẹ dákẹ́. Ẹlòmíràn yóò dáhùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ sì ń rẹni. Ọ̀gbẹ̀rì náà ní ojúṣe: kí ó fi ètò rẹ̀ àti àṣìṣe tó rí ránṣẹ́, kí ó sì sọ ohun tó ti gbìyànjú. Àmọ́ kíkọ́ ni a ń kọ́ èyí náà. Stack Overflow ti ń gba ìbéèrè láti 2008; ní 2018, àwọn aláṣẹ rẹ̀ fúnra wọn jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í rí ìtẹ́wọ́gbà tó yẹ níbẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin ìwà tuntun.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ṣì pọ̀ nílẹ̀, àwa tó ń ṣe é kò sì tíì pọ̀ tó láti máa lé ara wa lọ.