Òjé Inú Bátìrì: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Òṣìṣẹ́ Wò

Òjé kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn olùsìn Ọbàtálá a máa fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ ni a ń lò ó fún jù lóde òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tú bátìrì tàbí tí ó ń yọ́ òjé, ìbáà ṣe ní Alẹ́kùwodò ní Òṣogbo, lè fa eruku àti èéfín rẹ̀ símú. A máa fa inú rírun, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. A sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Aṣọ iṣẹ́ a máa gbé eruku náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ nílé. Ní Zamfara ní 2010, eruku òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Òjé lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara tó fura. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi í hàn. Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀gá mú ọmọṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ó bá wọṣẹ́, àti lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà. Ẹni tí òjé bá pọ̀ lára rẹ̀, kí a gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Kí olúkúlùkù fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì fi aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.