Nígbà Tí Àrùn Bá Wọ Ilé Ẹni Tí A Jọ Ń Ṣiṣẹ́

Ibi Ẹ̀kọ́: Marku 1:29–31, 40–44, Lefitiku 13:1–6, 14:46, 47
Àfikún Kíkà: Luku 5:1–11
Àkọ́sórí: Galatia 6:2
Ète Ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ bí ó ti yẹ kí a máa bá ẹni tí àrùn àkóràn wà nínú ilé rẹ̀ lò níbi iṣẹ́, láìfi ìfẹ́ sílẹ̀, láìsì fi ọgbọ́n sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀ràn yìí wò. Olùkọ́ mẹ́fà ni ó ń jókòó nínú yàrá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tọrọ àyè láti mú ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn nítorí ikọ́ tí kò lọ. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọkọ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ikọ́ ife ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnì kan gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹlòmíràn ya kọ́ọ̀pù obìnrin náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí gbogbo wọn fi ń mu omi. Nígbà tí ó bu ẹ̀wà fún wọn ní àkókò ìsinmi, bí ó ti máa ń ṣe, gbogbo wọn ní àwọn ti yó. Kò sí ẹni tí ó bú u. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ bí ó bá wọlé ni. Onígbàgbọ́ sì ni mẹ́rin nínú wọn.

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹ má yára dáhùn.

Ilé Simoni

A mọ ìtàn ìyá aya Simoni dáadáa, ṣùgbọ́n a kì í sábà wo àwọn tí ó bá Jesu wọ ilé náà. Marku sọ pé Jakọbu àti Johanu wà níbẹ̀. Luku 5:10 sì jẹ́ kí a mọ̀ pé alábàáṣepọ̀ Simoni ni wọ́n nínú iṣẹ́ ẹja pípa. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó wọ ilé ẹlẹgbẹ́ wọn níbi tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí. Luku, tí í ṣe oníṣègùn, kò sì fi ojú kékeré wo ibà náà. Ó ní ibà ńlá ni. Wọn kò dúró ní ìta gbangba kí wọ́n máa kí Simoni láti òkèèrè. Wọ́n sọ ọ̀ràn obìnrin náà fún Jesu lójú kan náà. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, tí ó dìde láti ṣe ìránṣẹ́ fún wọn, a kò kà á níbì kankan pé ẹnì kan nínú wọn ní òun ti yó.

Kí Ni Òfin Wí?

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ṣé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó pàṣẹ pé kí a ya adẹ́tẹ̀ sọ́tọ̀?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù ka Lefitiku. Àlùfáà kì í fi ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ènìyàn dájọ́. Ojú ni ó fi ń wò. Bí àmì náà kò bá dá a lójú, a ó sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ 7, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Bí àrùn náà kò bá tàn kálẹ̀ lára rẹ̀, yóò fọ aṣọ rẹ̀, yóò sì di mímọ́. Ní orí 14 ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ilé tí a sé nítorí àrùn yóò jẹ́ aláìmọ́ títí di àṣálẹ́. Bí ó bá sùn tàbí tí ó bá jẹun níbẹ̀, yóò fọ aṣọ rẹ̀. Òfin kò sọ ọ́ di adẹ́tẹ̀ nítorí pé ó wọ ilé náà. Àwa ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí Jesu ṣe fún adẹ́tẹ̀ inú Marku 1 pẹ̀lú. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó rán an lọ sọ́dọ̀ àlùfáà fún àyẹ̀wò. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn ìfọwọ́kàn, wọn kò fẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn fẹ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ na ọwọ́.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀

Ikọ́ ife kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe, a kì í sì í jogún rẹ̀. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ni ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá rìn nígbà tí aláìsàn bá ń wúkọ́, tí ó bá ń sín tàbí tí ó bá ń kọrin. Kì í gba inú ìbọwọ́, àwo oúnjẹ, aṣọ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ràn. Ará ilé aláìsàn lè gba kòkòrò náà sára, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wọn lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòkòrò náà sùn sí lára, tí kò ṣàìsàn, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, oògùn sì wà tí kì í jẹ́ kí ó jí. Oṣù 6 ni ìtọ́jú aláìsàn sábà máa ń gbà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 tí ó ti ń lo oògùn tí ó bá àrùn náà mu déédéé, ọ̀pọ̀ jù lọ kì í lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba tí a yàn fún un ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rù kọ́ọ̀pù yẹn, lásán ni. Ẹni tí ó sì gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìbá ti ṣe gbogbo wọn láǹfààní bí ó bá kàn ṣí fèrèsé náà.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ni ó rí bákan náà o. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, tí ó sì dé Port Harcourt, ènìyàn 20 ni ó mú, 8 nínú wọn sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá ní kí ẹlẹgbẹ́ wa jókòó sílé, kí ó jókòó. Iṣẹ́ tiwa ni láti bá a di kíláàsì rẹ̀ mú, kí a sì gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu dókítà ni kí á ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọjà.

Ohun Tí Ìdákẹ́ Lè Fà

Ẹ padà wo ọkọ olùkọ́ wa. Ó rí i bí aya rẹ̀ ti ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí òun ní ilé-ìwòsàn, ó dẹ́kun lílọ gba oògùn ní oṣù kejì. Ikọ́ náà padà. Bí a bá dá oògùn náà dúró lágbedeméjì, kòkòrò náà lè le débi pé oògùn àkọ́kọ́ kò ní ràn án mọ́. Báyìí ni àwọn tí ó ń sá fún àrùn ṣe ń bá a tàn ká.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa tí a ń ṣáájú nínú ìpàdé àdúrà. Ó dára kí a gbàdúrà fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ wọn pẹ̀lú àrùn wọn láàárín ìjọ láìjẹ́ pé wọ́n fún yín láyè. Ọlọ́run mọ ẹni tí ẹ ń sọ.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Bí àwọn òbí bá wá sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó mú obìnrin yìí kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn, kí ni kí ó wí fún wọn? Ta ni kí ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

2. Bí obìnrin náà fúnra rẹ̀ bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ta ni nínú àwọn olùkọ́ yòókù ni ó lè sọ fún un pé kí ó lọ fún àyẹ̀wò, tí kò ní rò pé wọ́n ń lé òun?

3. Ta ni nínú kíláàsì yín ni kò wá láti bí oṣù kan nítorí àìsàn ilé rẹ̀? Ta ni yóò lọ, ní ọjọ́ wo?