Bí Wọ́n Bá Dí Ẹgbẹ́ Lẹ́nu, Ta Ni Yóò Gbèjà Ẹni Tí Wọ́n Ṣe Àbòsí Sí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe àbòsí ní èèwọ̀ láàrin àwa ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, títí dé irú ẹgbẹ́ tiwa yìí. Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú nígbà tí ìjọba bá fi agbára tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀?

ÌPÌLẸ̀ Ọ̀RỌ̀

Kí iṣẹ́ Ọlọ́hun tó dé bá Ànábì, oníṣòwò kan wá sí Máka láti Yámánì. Al-Ās ọmọ Wāil, ọ̀kan nínú àwọn èèkàn Kùráéṣì, ra ọjà rẹ̀, kò sanwó. Àlejò náà kò ní ẹbí nílùú. Ó gun òkè Abū Qubays, ó ké gbàjarè. Àwọn ìdílé kan bá péjọ sílé Abdullāh ọmọ Judān, wọ́n búra pé àwọn yóò wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí ní Máka, ìbáà ṣe onílé tàbí àlejò. Májẹ̀mú yìí ni à ń pè ní Hilful-Fudūl. Ànábì wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí ó di Òjíṣẹ́, ó ṣì sọ pé bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ alágbára. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyí tí alábòsí fi máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ẹgbẹ́.

OHUN TÍ OJÚ NÀÌJÍRÍÀ RÍ

Ní ọdún 1993, ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12 tí Olóyè MKO Abíọ́lá borí. Ní oṣù keje ọdún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG àti PENGASSAN, daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha gbà mú ẹgbẹ́.

Ìkíní, wọ́n gé orí ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NUPENG, PENGASSAN àti NLC ká, ó fi alábòójútó tirẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àga kì í ṣe ẹni tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàn.

Ìkejì, wọ́n fi òfin ṣe ẹ̀wọ̀n. Òfin ológun nọ́ńbà 2 ti ọdún 1984 gbà kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé láì gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní àtìmọ́lé. Ní 1995, ilé-ẹjọ́ ológun tí ó jókòó ní ìkọ̀kọ̀ rán Dókítà Beko Ransome-Kuti lẹ́wọ̀n.

Ìkẹta ni ìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, aṣáájú MOSOP tí ń jà fún ilẹ̀ Ògóni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ẹni tí ó gbọ́ irú èyí yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lọ sí ìpàdé.

Ta ni ó wá pàdánù? Kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ nìkan. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù, opó tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀: àwọn ni kò rí ẹni ké sí mọ́. Wọ́n dà bí ará Yámánì náà lórí òkè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dáhùn igbe tiwọn.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kò kú. Àwọn agbẹjọ́rò bíi Gani Fawehinmi, Mùsùlùmí bíi tiwa, kò yé lọ sílé-ẹjọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń ti òun náà mọ́lé léraléra. Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Wọ́n tú Kokori àti Beko sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1999, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn tún yan olórí NLC.

ÀMÚLÒ FÚN WA

1. Kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ má wà lórí ẹnì kan. Ọlọ́hun yin àwọn tí ń fi ìjíròrò ṣe ọ̀ràn wọn nínú Sūratu Shūrā. Bí wọ́n bá mú alága, kí ẹlòmíràn mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

2. Kí ìwé owó wa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí àwáwí mú wa.

3. Kí a má pa ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tì. Kí a bẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ.

4. Kí a gbèjà ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí, bí kò tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, láìsí jàgídíjàgan.

5. Kí a kọ́kọ́ wo ilé ara wa. Ẹgbẹ́ tí alága rẹ̀ kò fẹ́ ìbò, tí akápò rẹ̀ kò fẹ́ ìbéèrè, kò lẹ́nu láti bá ìjọba alábòsí wí.

Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní alábòsí, kí Ó má sì ṣe wá ní ẹni tí ó rí àbòsí tí ó dákẹ́. Āmīn.