Ẹ Bi Ojú Irin Pé Ibo Ló Ń Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Yewa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà láàárín Ifọ̀ àti Ìlaròó lójoojúmọ́, ẹ jókòó kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kan tí ẹ ń gé kọjá láìwo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó na tààrà gba inú oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ katakata àná. Ibi tí ilẹ̀ ti ga, wọ́n gbẹ́ ẹ wálẹ̀. Ibi tó ti rẹlẹ̀, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ kún un, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè ṣánṣán bíi lọ́rì. Ọ̀nà rélùwéè nìyẹn, èyí tó ti Ifọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí ìtàn nìkan ni mo ṣe pè yín. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ohunkóhun tuntun tí ìjọba tàbí olówó bá gbé wá sí ìlú yín: ibo ló ń lọ, ta ló sì ń dúró dè é lọ́hùn-ún?

Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó. Nígbà tó fi di 1898, irin ti dé Abẹ́òkúta. Oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, nígbà tó sì máa fi di 1912, ẹni tó wọkọ̀ l'Ékòó lè lọ sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò, ìrìn tó lé ní 1,100 kìlómítà. Ẹ̀ka tiwa kò tètè dé. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n ya irin kan ní Ifọ̀ kúrò lára èyí tó lọ sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n kọ orí rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan bí 20 kìlómítà ló rìn kó tó dé Ìlaròó, ó tẹ̀ síwájú dé Ìdógò, ibẹ̀ ló pin sí. Kì í ṣe títóbi Ìdógò ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbé irin débẹ̀. Ohun tó wà nínú oko tó yí i ká ni wọ́n ń wá: ẹkùrọ́, epo pupa, kòkó, obì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí obì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé òyìnbó nìkan ló jẹ èrè rélùwéè. Òótọ́ ni pé ẹkùrọ́ àti kòkó kì í pẹ́ l'Ékòó kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n obì gbànja kò bá ọkọ̀ òkun lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ni púpọ̀ nínú gbànja tí àwọn Haúsá ń jẹ ti ń wá, orí omi ni apá kan rẹ̀ sì ń gbà wọ Èkó. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agége, Ọ̀tà, Abẹ́òkúta àti ti ọ̀dọ̀ wa gbin tiwọn, rélùwéè ló gbé e lọ bá àwọn tó ń jẹ ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Haúsá fi tẹ̀dó sí Agége. Obì kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ òun. Ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n, ewé náà ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á wá fi okùn dì í lẹ́nu. Ẹni tó di tirẹ̀ dáadáa mọ̀ pé yóò dé Kánò láìjẹrà, torí pé fífẹ̀ irin tó wà ní Ìdógò náà ni fífẹ̀ irin tó wà ní Kánò: mílímítà 1,067. Kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tú ẹrù láti inú ọkọ̀ irin kan sí òmíràn nítorí pé irin kò bára mu. Owó tó ti ibẹ̀ padà wá kọ́ ilé, ó fẹ́ ìyàwó, ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Àwa la jẹ ìyẹn.

Téṣàn náà fúnra rẹ̀ kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Lórí irú ẹ̀ka báyìí, irin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè yà fún ara wọn. Nítorí náà, òfin iṣẹ́ yẹn le. Kí ọkọ̀ tó kúrò, ọ̀gá téṣàn á bá ẹni tó wà ní téṣàn iwájú sọ̀rọ̀ lórí waya, á bi í bóyá ọ̀nà mọ́. Tẹni ọ̀hún bá ti dáhùn, àwọn méjèèjì á kọ ohun tí aago wí sínú ìwé. Ìgbà yẹn ni dírẹ́bà tó gba ẹ̀rí pé ọ̀nà mọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá téṣàn, ìwé ni o, irin pẹlẹbẹ ni o. Bí dírẹ́bà bá ń kánjú, bí òun àti ọ̀gá téṣàn bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, bí ọba ìlú bá jókòó sínú ọkọ̀, tí ẹ̀rí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sún. Apá sígínà tó bá nà gbọọrọ ń sọ pé dúró. Ó di ìgbà tó bá wálẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọlé. Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, wọ́n á já orí ọkọ̀ sílẹ̀, á gba irin ẹ̀gbẹ́ kọjá lára àwọn tó fà wá, á sì lọ so mọ́ ibi tó jẹ́ ìdí tẹ́lẹ̀, ìdí á wá di iwájú. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ ìwé mẹ́fà wà nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá kọ irọ́ sínú ìwé yẹn, ènìyàn yóò kú. Ẹ̀yin tí ẹ wọ iṣẹ́ ìjọba, tí ẹ ń bu ọwọ́ lu ohun tí ẹ kò fojú rí, ẹ ro ìyẹn wò.

Síbẹ̀, àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù kì í wọ aṣọ oníbọ́tìnnì idẹ. Àwọn ni ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ojú irin. Ọ̀kan nínú wọn á fẹsẹ̀ rin apá tirẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, á máa wo ibi tí ìdè irin ti tú, á sì gbá a padà. Ìdábùú tó gbé irin dúró, irin ni wọ́n sábà fi ń ṣe é ní Nàìjíríà, torí ikán kì í jẹ́ kí pákó pẹ́. Abẹ́ ìdábùú yẹn ni wọ́n ń ki òkúta wẹ́wẹ́ sí títí kò fi ní mì. Wọ́n ń ro koríko, wọ́n ń la ojú gọ́tà kí àgbàrá má baà gbá yẹ̀pẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dáwọ́ iṣẹ́ yìí dúró ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọkọ̀ ì báà ṣì máa kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ń fẹ́ràn ọjọ́ ìṣílé àti ọjọ́ gígé ríbọ́ọ̀nù. Ó dára. Ẹ wá máa béèrè ẹni tí yóò mú òòlù dání lọ́dún kẹwàá.

Wàyí o, ẹ bá mi ré ẹnubodè kọjá. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Ní apá tiwọn, àwọn Faransé to irin láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, gba Ṣakété lọ sí Pobẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n so ó mọ́ Kútọnu, gbogbo rẹ̀ láti Kútọnu dé Pobẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 107. Ọ̀pẹ ni wọ́n bá lọ. Pobẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922. Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Àwọn ará wa ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, òrìṣà wọn ni òrìṣà wa, a sì jọ ń fẹ́ra.

Láti Ìdógò sí Ṣakété, ìrìn ọjọ́ kan ni fún ẹlẹ́sẹ̀. Irin méjèèjì kò sì pàdé láé. Tiwọn fẹ̀ ní mílímítà 1,000, tiwa fẹ̀ ní 1,067. Ìbú ìka mẹ́rin ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìka mẹ́rin yẹn ló yà wá nípá. Ẹni tó fa ojú irin kọ̀ọ̀kan, èbúté tirẹ̀ ló ń wò: ọ̀kan kọjú sí Èkó, èkejì kọjú sí Kútọnu, wọ́n sì kẹ̀yìn síra wọn. Ìyá tó wà ní Pobẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọkọ sí Ìlaròó, tó fẹ́ gbé epo wá kí ọmọ, orí ló fi ń rù ú. Rélùwéè méjì wà ní ilẹ̀ ẹbí kan, kò sì sí èyí tó gbé ẹbí dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, ju pípa tí wọ́n pa ẹ̀ka tiwa tì lọ.

Pípa á tì kò sì ṣòro fún ìjọba. Kìlómítà mélòó kan ni Ìlaròó sí Èkó? Lọ́rì lè wọ oko lọ bá àgbẹ̀, kó gbé kòkó níbi tí wọ́n ti ń sá a, kó sì já a sílẹ̀ ní Apápá láìgbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Rélùwéè ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí o ru ẹrù wá bá òun ní téṣàn, kí o sì tún wá ẹni tí yóò rù ú kúrò ní òpin ìrìn. Lórí ọ̀nà jíjìn bíi Kánò, ó borí lọ́rì. Lórí ọ̀nà kúkúrú, lọ́rì lù ú. Owó epo rọ̀bì dé, wọ́n ń ṣe títì, wọ́n gbàgbé irin. Láti 1979 dé 1982, wọ́n gbé àbójútó rélùwéè Nàìjíríà fún ilé iṣẹ́ kan láti Íńdíà; nǹkan sàn díẹ̀, wọ́n lọ, ó tún wó. Ní 1988, gbèsè wọ iléeṣẹ́ rélùwéè lọ́rùn débi pé ọkọ̀ kò rìn fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ìyá igi ń gbẹ, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ má ra ilẹ̀ ojú irin, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni tà á. Bí ọmọ onílẹ̀ bá fi ìwé hàn yín, ẹ bi í pé ta ló fún un. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ náà, àti díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀ ń kọ́lé de ọ̀dà pupa. Ẹ bi àwọn tó kọ́lé létí ojú irin láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta nígbà tí irin tuntun ń bọ̀. Irin tó kù nílẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ má bá àwọn tó ń fi iná gé e tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ. Ohun tí ẹnì kan rí gbà lórí rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní ṣeé rà padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fojú sílẹ̀. Irin tuntun tó fẹ̀ ní mílímítà 1,435, tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, dúró ní Kajọlà, ó dúró ní Pápáláńtò, níbi tí wọ́n ti fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sọ téṣàn. Pápáláńtò kò jìnnà sí Ìlaròó. Ní Ìbéṣè, láàárín agbègbè kan náà, símẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣe, tírélà ló sì ń kó o jáde, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí n sọ bí títì ṣe rí. Ẹrù tó wúwo tó báyìí, tí kì í tán, ojú irin ni iṣẹ́ rẹ̀. Òfin kò dí wa lọ́wọ́ mọ́: láti oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n ti yí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà padà kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ní rélùwéè tiwọn. Èkó ti ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ láti Agbádo wọ Ọyíngbò.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé irin ń padà bọ̀ ní Ìlaròó, ẹ má tíì lu ìlù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ láti ẹnu ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì dé èbúté nìkan ló lọ, ẹ béèrè pé ibo ni ọkọ̀ èrò yóò ti dúró, ibo ni àwọn ìyá alágbọ̀n yóò ti gbé ẹrù wọlé, ta ni wọ́n gbà síṣẹ́ tí yóò máa rin ojú irin láàárọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí orí rẹ̀ lè kọjá Ìdógò lọ́jọ́ kan sí ìhà Ṣakété. Ẹ má sì dúró dìgbà yẹn kí ẹ tó bá àwọn ẹgbẹ́ yín tó wà ní Pobẹ̀ sọ̀rọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ yín, Yorùbá ni ẹ jọ ń sọ, àwọn náà ní ojú irin tó ti dákẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ gbà. Ẹ kọ ìwé kan náà sí ìjọba méjèèjì.